Ìpolówó Nígbà Tí Owó Kò Sí: Ìrírí Mi Nídìí Ọjà Oúnjẹ ní Àkúrẹ́

Gààrí, èlùbọ́, ẹ̀wà, ìrẹsì àti epo pupa ni mò ń tà ní agbègbè Ìsìkàn, ní Àkúrẹ́. Mo ń kọ èyí fún ẹni tó ní ìsọ̀ kékeré, tí ọjà kò yá mọ́ bíi ti tẹ́lẹ̀, tó sì ń rò pé àwọn ilé iṣẹ́ ńlá nìkan ló ń polówó. Ọ̀pọ̀ ìsọ̀ ló ti ti ìlẹ̀kùn láàárín ọdún mélòó kan yìí, àwọn kan lára àwọn tó ni ín sì mọ ọjà rà jù mí lọ. Ohun tó bá wọn jà kì í ṣe àìmọ̀ọ́rà. Oníbàárà kàn ń dín kù díẹ̀díẹ̀, ọkàn ń rẹ̀wẹ̀sì, wọ́n sì dákẹ́.

Ohun tí mo gbà gbọ́ jù nínú gbogbo ọ̀rọ̀ yìí rèé: nígbà tí nǹkan bá le, àwọn tó ti rà lọ́wọ́ yín rí ni kí ẹ kọ́kọ́ polówó fún. Ẹni tí kò mọ̀ yín rí ń bẹ̀rù láti dán ìsọ̀ tuntun wò, torí bí èlùbọ́ náà bá ní yanrìn, kò sí owó tí yóò fi ra òmíràn. Ẹni tó ti jẹ tiyín, tó mọ̀ pé ó dára, ìránnilétí nìkan ló kù fún un.

Ọdún 2020 ni èyí kọ́kọ́ hàn gbangba. Nígbà tí àrùn Kòrónà dé, tí ìjọba ní kí kálukú jókòó sílé, ẹni tó ní nọ́ńbà oníbàárà lọ́wọ́ ṣì ń tajà, ẹni tí kò ní ń wo ilé. Láti ìgbà náà ni gbogbo wa ti ń gba nọ́ńbà. Ṣùgbọ́n ohun tí ọ̀pọ̀ kò mọ̀ ni pé kí ẹ ní nọ́ńbà oníbàárà kò tó. Òun náà gbọ́dọ̀ fi tiyín pamọ́. Lórí WhatsApp, ìkéde tí ẹ fi ránṣẹ́ sí ọ̀pọ̀ ènìyàn lẹ́ẹ̀kan náà, èyí tí wọ́n ń pè ní broadcast, kì í dé ọ̀dọ̀ ẹni tí nọ́ńbà yín kò sí nínú fóònù rẹ̀. Àtòkọ kan kò sì ń gbà ju ènìyàn 256 lọ. Bẹ́ẹ̀ náà ni status: bí ẹ̀yin méjèèjì kò bá fi nọ́ńbà ara yín pamọ́, oníbàárà kò ní rí i. Ẹni tó ń ráhùn pé òun ń polówó tí ẹnikẹ́ni kò dáhùn, ó ṣeé ṣe kí ìpolówó náà má tiẹ̀ kúrò nínú fóònù rẹ̀.

Ìgbà tó dára jù láti béèrè ni ìgbà tí oníbàárà dúró kí ẹ di ẹrù rẹ̀. Ẹ lè sọ pé: “Màmá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ tẹ nọ́ńbà yìí sínú fóònù yín, ẹ kọ ‘Èlùbọ́ Ìsìkàn’ sí i. Gbogbo àárọ̀ ọjọ́ Ajé ni mo máa ń fi iye ọjà ránṣẹ́.” Orúkọ ọjà àti àdúgbò ni kí wọ́n fi pè yín nínú fóònù. Nígbà tí ìyá kan bá ń wá èlùbọ́ ní alẹ́, “èlùbọ́” ni yóò tẹ̀. Kò ní rántí orúkọ tí ìyá yín sọ yín.

WhatsApp ti àwọn oníṣòwò, WhatsApp Business, ọ̀fẹ́ ni. Mẹ́ta péré nínú àwọn ohun tó wà nínú rẹ̀ ló wúlò fún ìsọ̀ bíi tiwa. Èkíní ni kàtálọ́ọ̀gù, níbi tí ẹ ti lè to ọjà yín pẹ̀lú fọ́tò àti iye. Èkejì ni àmì tí a lè lẹ̀ mọ́ orúkọ oníbàárà: “ó ti sanwó”, “kò tíì gbé e”, “oúnjẹ títà ló ń ṣe”. Ẹ̀kẹta ni èsì tó ń dáhùn fúnra rẹ̀ nígbà tí ẹ bá wà ní ṣọ́ọ̀ṣì tàbí mọ́ṣáláṣí. Ẹ fi ìkéde sórí status láàárín aago 6 sí 7 òwúrọ̀, kí àwọn òṣìṣẹ́ tó jáde, tàbí lẹ́yìn aago 8 alẹ́. Ẹ má kó ìkéde kún ojú status. Lẹ́yìn bíi mẹ́ta, ènìyàn á fò ó kọjá láìwò.

Fọ́tò tún yẹ kí n dúró lé lórí, torí òun ló ń ba ọjà jẹ́ jù. Ọwọ́ tó ń bu epo pupa náà ló ń gbé fóònù, nítorí náà ojú kámẹ́rà máa ń ní ọ̀rá. Ẹ fi aṣọ mímọ́ nù ún kí ẹ tó ya ohunkóhun. Ẹ gbé ọjà sí ẹnu ọ̀nà láàárín aago 8 sí 10 àárọ̀, kí ìmọ́lẹ̀ ojú ọjọ́ bà á láti ẹ̀gbẹ́. Oòrùn ọ̀sán máa ń sọ gààrí di funfun bíi ẹfun, iná fóònù sì máa ń sọ èlùbọ́ di eérú. Ẹ gbé kóńgò sí ẹ̀gbẹ́ ọjà kí wọ́n lè mọ bó ṣe pọ̀ tó. Ti èlùbọ́ pàápàá, ẹ fi ro àmàlà kí ẹ tó yà á. Àwo àmàlà tó ń dán, pẹ̀lú ewédú lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ń ta èlùbọ́ ju òkìtì èlùbọ́ lọ, torí ohun tí oníbàárà ń bẹ̀rù ni kókó àti àwọ̀ tí yóò ní lẹ́yìn tó bá jiná. Ẹ kọ iye sí ojú fọ́tò náà. Ẹni tí owó rẹ̀ kò tó kì í fẹ́ béèrè iye ní ìkọ̀kọ̀, nítorí ìtìjú. Bí kò bá rí i níbẹ̀, yóò kọjá lọ.

Àwọn tó ń tajà ní ẹnu ọ̀nà FUTA, yunifásítì ìmọ̀ ẹ̀rọ ti ìjọba àpapọ̀ tó wà ní Àkúrẹ́, ní South Gate àti North Gate, ló tún rí ẹ̀kọ́ mìíràn ní 2022. Ọjọ́ 14 oṣù kejì ni àwọn olùkọ́ yunifásítì bẹ̀rẹ̀ ìyanṣẹ́lódì, kò sì parí títí di oṣù kẹwàá. Akẹ́kọ̀ọ́ lọ sílé, ọjà dákẹ́ fún oṣù mẹ́jọ. Ẹni tí akẹ́kọ̀ọ́ nìkan ń rà lọ́wọ́ rẹ̀ kò rí ọ̀nà gbà. Láti ìgbà náà ni mo ti ń pín oníbàárà sí ìsọ̀rí nínú ìwé: àwọn olówó oṣù ní Alágbàká àti Ìjàpọ̀, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ àti àgùnbánirọ̀, àwọn alásè àti olóúnjẹ, àti àwọn ará àdúgbò tó ń ra díẹ̀díẹ̀ lójoojúmọ́. Bí ìsọ̀rí kan bá ju ìdajì ohun tí ẹ ń tà lọ, ẹ bẹ̀rù ìyẹn, ẹ sì tètè wá ti ìsọ̀rí mìíràn kún un.

Ìwé yìí náà ló ń sọ ìgbà tó yẹ kí a polówó fún ta ni. Ọ̀sẹ̀ tí owó oṣù bá wọlé, àpò àti ìdajì àpò ni kí ẹ gbé síwájú. Láàárín oṣù, dérìkà àti agolo mílíìkì ni. Owó oṣù tó kéré jù fún òṣìṣẹ́ ìjọba ní ìpínlẹ̀ Oǹdó di 73,000 náírà ní 2024. Ẹ fi ojú ẹni tó ń gba iye yẹn wo iye tí ẹ kọ sára fọ́tò yín, kí ẹ lè mọ òṣùwọ̀n tó yẹ kí ẹ kọ́kọ́ fi hàn án.

Ìbẹ̀rẹ̀ 2023 dé pẹ̀lú ọ̀wọ́n owó tuntun. Owó bébà kò sí níta, báńkì kún, nẹ́tíwọ́ọ̀kì ń bọ́. Pátákó kékeré tí a kọ “A ń gba tíránsífà” sí mú oníbàárà wọ ìsọ̀ ju ìpolówó mìíràn lọ lákòókò yẹn, torí ohun tí gbogbo ìlú ń wá ni. Mo fẹ́ kí ẹ ṣàkíyèsí èyí: ìpolówó tó dára jù ní àkókò ìṣòro ni èyí tó dáhùn ìṣòro tó wà nílẹ̀ lọ́jọ́ náà. Ẹ ní àkáǹtì ní ibi méjì, kí ọ̀kan lè ṣiṣẹ́ nígbà tí èkejì bá kọ̀. Ẹ má fi álẹ́ẹ̀tì orí fóònù oníbàárà, tàbí àtẹ̀jíṣẹ́ lásán, jẹ́rìí pé owó ti wọlé. Inú áàpù báńkì yín ni kí ẹ ti wo iye tó kù.

Nígbà tó di ọjọ́ 29 oṣù karùn-ún ọdún náà, Ààrẹ Tinubu kéde pé owó ìrànwọ́ orí epo bẹntiróò ti lọ. Jálá epo tí kò tó 200 náírà fò kọjá 480 láàárín ọjọ́ díẹ̀, nígbà tó di oṣù keje ó ti di 617. Owó ọkọ̀ gun òkè, gbogbo ẹrù tí ọkọ̀ ń gbé bá a gùn. Láti ibẹ̀ ni iye ọjà ti di ọ̀rọ̀ ìpolówó tó le jù, torí kò sí bí ẹ ṣe lè polówó láìsọ iye, iye náà kò sì dúró lójú kan.

Ẹ jẹ́ ká ṣe ìṣirò kan, kí ọ̀rọ̀ lè yé wa. Ká sọ pé àpò gààrí kan jẹ́ 40,000, ọkọ̀ àti alábàárù gba 2,000, ọ̀rá àti okùn gba 1,000. Gbogbo rẹ̀ jẹ́ 43,000. Bí àpò náà bá gba kóńgò 40, ọ̀pọ̀ nínú wa á fi 40 pín 43,000, á rí 1,075, á wá ta kóńgò kan ní 1,100, á rò pé òun jèrè. Ṣùgbọ́n èènì wà, èyí tó dà sílẹ̀ wà, èyí tí a jẹ nílé wà. Bí ìwọ̀nyí bá gba kóńgò 2, 38 ló kù láti tà. 38 ní ọ̀nà 1,100 jẹ́ 41,800. Ẹ ti pàdánù 1,200, bẹ́ẹ̀ ẹ kò tíì san owó ìsọ̀. Ìgbà tí ẹ bá ta kóńgò kan ní 1,200 ni èrè 2,600 tó jáde. Kí ẹ tó dá iye, ẹ tún pe ẹni tó ń kó ọjà wá fún yín, kí ẹ bi í ní iye tí àpò wà lónìí. Iye tí ẹ máa fi ra òmíràn ni kí ẹ gbé ìṣirò lé. Bí ẹ bá gbé e lé iye tí ẹ fi ra ti ọ̀sẹ̀ tó kọjá, owó ọwọ́ yín kò ní lè ra àpò kan odidi mọ́.

Níbí ni ìdánwò ti ń dé. Dípò kí àwọn kan fi kún iye, wọ́n á lu ìdí kóńgò wọnú. Wọ́n á ta á ní iye tí ọjà ń pè é, ṣùgbọ́n gààrí inú rẹ̀ á dín. Oníbàárà kì í jà lórí rẹ̀. Ó máa ń délé, á dà á sínú ike tó ń dà á sí látẹ̀yìnwá, á rí i pé kò kún mọ́, kò sì ní padà wá. Yóò tún sọ fún ará ilé rẹ̀, fún ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ níbi iṣẹ́, fún ẹgbẹ́ rẹ̀ ní ṣọ́ọ̀ṣì. Kò sí owó rédíò tó lè pa irú ìpolówó bẹ́ẹ̀ rẹ́. Ọ̀rọ̀ yìí máa ń dùn mí, torí àwọn tó ń ṣe é kì í ṣe olè tẹ́lẹ̀. Ìbẹ̀rù ló ń sún wọn débẹ̀. Ẹ fi kún iye, kí kóńgò yín wà bó ṣe wà. Èènì pàápàá, ẹ má yọ ọ́ kúrò. Ẹ lè dín in kù, kí ó di ìkúnwọ́ kan, ṣùgbọ́n kí oníbàárà rí i pé ẹ fi ọwọ́ yín bù ú lé e. Nínú ìṣirò tí mo ṣe yìí, owó rẹ̀ ti wà nínú iye náà.

Bí iye bá fẹ́ gòkè, ẹ kéde rẹ̀ ṣáájú. Bí mo ṣe máa ń kọ ọ́ ní àárọ̀ ọjọ́ Ajé rèé:

“Ẹ káàárọ̀ o, ẹ̀yin oníbàárà wa. Láti Ọjọ́bọ̀, kóńgò gààrí yóò kúrò ní 1,100, yóò di 1,200, torí owó ọkọ̀ tó ń gbé e wá ti lọ sókè. Kóńgò wa kò yí padà. Ẹni tó bá fẹ́ rà á ní 1,100, ó wà títí di alẹ́ Ọjọ́rú. Dérìkà náà wà fún ẹni tó fẹ́ díẹ̀. Ẹ ṣeun, Ọlọ́run á pèsè.”

Ẹ wò ó dáadáa. Iye àtijọ́ àti tuntun wà níbẹ̀, ìdí kò ju gbólóhùn kan lọ, ọjọ́ mẹ́ta wà láàárín, ọ̀nà sì wà fún ẹni tí agbára rẹ̀ kò gbé odidi kóńgò. Kò sí ìráhùn nípa ìjọba níbẹ̀, kò sì sí ẹ̀bẹ̀. Nígbà tí iye bá sì wálẹ̀, ẹ kéde ìyẹn náà lọ́jọ́ tó bá ṣẹlẹ̀. Oníṣòwò tó ń sọ ìgòkè nìkan kò ní pẹ́ pàdánù etí àwọn tó ń gbọ́ ọ.

Ohun mìíràn tí ọ̀wọ́n epo bẹntiróò mú jáde ni pínpín àpò. Owó ọkọ̀ wá sí Ìsìkàn ti pọ̀ jù fún ẹni tó fẹ́ ra kóńgò méjì, nítorí náà àwọn òṣìṣẹ́ ní ọ́fíìsì kan náà á dá owó, wọ́n á ra àpò ìrẹsì kan, wọ́n á pín in. Ẹ wá ẹnìkan tí àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ fọkàn tán nínú irú ọ́fíìsì bẹ́ẹ̀, kí ẹ fún un ní kóńgò kan lọ́fẹ̀ẹ́ lórí àpò kọ̀ọ̀kan tó bá kó owó rẹ̀ jọ. Ẹ fi orúkọ sí ọ̀rá ẹnì kọ̀ọ̀kan kí ìjà má bàa ṣẹlẹ̀. Ẹ gba owó pé kí ẹ tó ṣí àpò, torí ẹnìkan tó bá yẹ̀ lẹ́yìn tí ẹ ti wọ̀n ọ́n, ọrùn yín ni ti rẹ̀ yóò wà. Ní ti gbígbé ọjà lọ sílé oníbàárà, ẹ dá ọjọ́ fún agbègbè kọ̀ọ̀kan: Ìjàpọ̀ àti Alágbàká ní ọjọ́ kan, ọ̀nà FUTA ní ọjọ́ mìíràn. Ọlọ́kadà kan tó gbé ẹrù márùn-ún lẹ́ẹ̀kan dín owó kù ju ẹni márùn-ún tó lọ lọ́tọ̀ọ̀tọ̀.

Mo mọ̀ pé ẹ ń retí kí n dé orí pátákó àti rédíò. Ti pátákó kò gùn. Lẹ́tà tó ga ní íńṣì 1 ni ojú ń kà ní ìrọ̀rùn láti nǹkan bí ẹsẹ̀ bàtà 10. Bí ẹni tó wà lórí ọ̀kadà bá máa kà á láti ẹsẹ̀ bàtà 50, lẹ́tà náà gbọ́dọ̀ ga tó íńṣì 5. Ìyẹn fi hàn pé ọ̀rọ̀ rẹ̀ kò lè pọ̀: ohun tí ẹ ń tà, nọ́ńbà, ọfà tó tọ́ka sí ìsọ̀. Lẹ́tà dúdú lórí àwọ̀ yẹ́lò máa ń hàn jùlọ. Ẹ jẹ́ kí wọ́n fi ihò onírin yí etí aṣọ pátákó ká kí ẹ lè so ó dáadáa, torí ìjì àkọ́rọ̀ òjò máa ń fa èyí tí a kàn kàn mọ́ igi ya. Ẹ béèrè lọ́wọ́ ìjọba nípa owó tí wọ́n ń gbà lórí pátákó ẹ̀bá ọ̀nà kí ẹ tó gbé e jáde.

Rédíò ní agbára ní ìlú yìí. Adaba 88.9, Positive FM 102.5, Orange FM 94.5, kò sí ìsọ̀ tí ọ̀kan nínú wọn kì í dún. Ṣùgbọ́n ìkéde ẹ̀ẹ̀kan kò wúlò, owó rẹ̀ sì lè ra àpò ọjà. Bí àwọn oníṣòwò mẹ́rin tó wà ní ìlà kan náà tí ọjà wọn kò jọra bá dá owó jọ, wọ́n lè gbé ìkéde kan tó dárúkọ ìlà wọn. Ẹ fi aago kà á sókè fúnra yín kí ẹ tó gbé e lọ. Bí kò bá wọ inú ìṣẹ́jú àáyá tí ẹ san owó rẹ̀, wọ́n á sáré kà á, ẹnikẹ́ni kò sì ní gbọ́ nọ́ńbà. Ẹ pe nọ́ńbà náà lẹ́ẹ̀mejì. Ẹ sì sọ pé ẹni tó bá dárúkọ rédíò náà ní ìsọ̀ yóò gba èènì méjì, kí ẹ lè kà wọ́n. Bí ẹ bá ti di gààrí sínú ọ̀rá tí ẹ fi orúkọ yín sí, NAFDAC, àjọ tó ń mójú tó oúnjẹ àti oògùn, gbọ́dọ̀ mọ̀ nípa rẹ̀ kí ẹ tó polówó rẹ̀ ní gbangba. Èyí tí ẹ ń fi kóńgò wọ̀n látinú àpò kò rí bẹ́ẹ̀.

Fún àgùnbánirọ̀ àti àlejò tó ṣẹ̀ṣẹ̀ wọ Àkúrẹ́, ẹ fi ìsọ̀ yín sórí àwòrán ilẹ̀ Google. Ọ̀fẹ́ ni, wọ́n lè ní kí ẹ ya fídíò ìsọ̀ kí wọ́n tó fọwọ́ sí i.

Ó wá ku ọ̀rọ̀ ọkàn. Mi ò gbà pé ẹni tí ọjà rẹ̀ kò yá kàn lè pinnu láti túra ká, kó sì rí bẹ́ẹ̀. Ohun tó ń ba ọkàn jẹ́ jù ni àìmọ ibi tí a wà. Náírà sì máa ń tan ni jẹ. Ní oṣù kejìlá 2024, NBS, àjọ ìjọba àpapọ̀ tó ń ṣe ìṣirò, ní iye ọjà ti fi ìdá 34.80 nínú ọgọ́rùn-ún gòkè láàárín ọdún kan. Ẹni tó ń ta 100,000 lọ́sẹ̀ ní ọdún tó ṣáájú, tó wá ń ta 120,000, ẹ̀yìn ló ń lọ, inú rẹ̀ sì lè máa dùn. Ẹlòmíràn ń sunkún nígbà tí kóńgò tó ń tà kò tíì dín. Ẹ máa ka kóńgò àti iye oníbàárà lálaalẹ́, ẹ kọ ọ́ sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ owó. Bí kóńgò bá ń dín tí oníbàárà kò dín, àpò wọn ló fúyẹ́. Ẹ gbé òṣùwọ̀n kékeré síwájú. Bí oníbàárà fúnra wọn bá ń dín, ìgbà náà ni kí ẹ yẹ kóńgò, ìwà àti ọjà yín wò. Ìbẹ̀rù tí a bá ti mọ ìdí rẹ̀ máa ń fúyẹ́.

Ẹ má ya owó lórí àwọn áàpù tó ń yáni lójú ẹsẹ̀ kí ẹ fi ra ọjà. Èlé wọn kì í dúró de ọjà kó tà, àwọn kan a sì máa pe àwọn tó wà nínú fóònù yín láti dójú tì yín, àwọn oníbàárà yín sì ni. Àjọ àti ẹgbẹ́ aláfọwọ́sowọ́pọ̀ dára jù ú lọ, kódà bó bá pẹ́. Ẹ lọ yẹ ẹ̀jẹ̀ ríru wò. Bó bá ń jẹ́ 140/90 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ ní gbogbo ìgbà tí wọ́n bá wọ̀n ọ́n, dókítà ló kàn. Ní ìsọ̀, ẹ jẹ́ kí ìkíni ṣáájú ìròyìn ọ̀wọ́n. Oníbàárà mọ̀ pé nǹkan wọ́n, ilé rẹ̀ ló ti ń bọ̀.

Nígbà tí oṣù bá parí, mo máa ń wo ìwé fún orúkọ àwọn tí kò wá mọ́, mo sì ń pè wọ́n. Mi ò ní sọ̀rọ̀ ọjà. “Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta, Màmá. Mi ò rí yín, mo ní kí n béèrè àlàáfíà.” Àwọn kan ti kó lọ sí ọ̀nà Ọdà, àwọn kan ti pàdánù iṣẹ́, àwọn kan sì ń bínú lórí ohun tí ọmọ ìsọ̀ ṣe, wọn kò kàn fẹ́ sọ ọ́ ni. Bí ẹni náà bá jẹ yín ní gbèsè, ẹ má mẹ́nu kàn án lọ́jọ́ náà. Ẹ fi ti gbèsè sí ọjọ́ mìíràn.